Fífi Bátànì Sọ Ìtàn Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. London ni mò ń gbé, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Aládìrẹ ni ìyá màmá mi l'Abẹ́òkúta. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n kó bátànì wọn, ìyẹn páànù tí wọ́n gé ọnà sí, fún mi, èmi náà sì ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí a ń fi ẹ̀kọ láfún ṣe ọnà sí kí a tó pa á láró, ní òpin ọ̀sẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo ka ìtàn kan fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, nípa ọmọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó lọ ra ìbọ̀wọ́. Ará Japan ló kọ ọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kà. Ó wù mí kí n fi àdìrẹ ya wọ́n, kí n sì sọ wọ́n di pósíkáàdì. Mo ti gbìyànjú mẹ́rin tí mo fi ránṣẹ́ sí yín yìí, ṣùgbọ́n ṣe ni wọ́n rí bí àwòrán inú ìwé ẹlòmíì tí a tẹ̀ sára aṣọ. Níbo ni mo ti ṣì í? Ṣé mo lẹ́tọ̀ọ́ láti lo àwọn ìtàn náà? Ṣé kí n lẹ aṣọ gan-an mọ́ káàdì ni, àbí kí n ya fọ́tò rẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o sì kú ìtọ́jú ohun tí ìyá àgbà fi lé ọ lọ́wọ́. Mo wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáadáa. Ọwọ́ rẹ mọ́, ẹ̀kọ rẹ kò ṣàn, aró rẹ sì mu. Ohun tó ń dà ọ́ láàmú kò sí nínú ìkòkò aró rárá. Orí bébà lo ti fi pẹ́ńsùlù ya àwòrán náà tán, pẹ̀lú irun imú kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan àti òjìji lábẹ́ igi, kí o tó máa wá bí ẹ̀kọ yóò ṣe gbé e. Bébà ló ń pàṣẹ, aṣọ wá ń sáré tẹ̀ lé e. Nínú iṣẹ́ tiwa, ọ̀bẹ ló yẹ kó ya àwòrán.

Kì í ṣe ọgbọ́n orí mi ni mo ń sọ yìí. Àwọn aláṣọ ilẹ̀ Japan fúnra wọn ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú wa. Wọ́n bí Serizawa Keisuke ní Shizuoka ní 1895. Aṣọ ló ń fi bátànì ṣe ọnà sí tó sì ń pa láró, ó sì lọ sí Okinawa ní 1939 láti kọ́ irú aṣọ aláràbarà tí wọ́n ń pè ní bingata níbẹ̀. Ní 1956, ìjọba wọn kà á mọ́ àwọn ọlọ́wọ́-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní ìṣúra orílẹ̀-èdè tó wà láàyè. Síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ náà mọ sórí kìmónò. Ó ti fi bátànì sọ ìtàn Don Quixote sínú ìwé ní 1937, ó sì sọ akọni ará Sípéènì náà di jagunjagun ilẹ̀ Japan. Láti 1946, ó ń fi bátànì tẹ kàlẹ́ńdà sórí bébà àfọwọ́ṣe.

Kàlẹ́ńdà yẹn ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Yunoki Samiro, rí ní Kurashiki, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ọnà Ohara. Ohun tó rí mú un lọ́kàn débi pé ó lọ di ọmọ iṣẹ́ Serizawa. Aṣọ ni Yunoki fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó pé ẹni àádọ́rin ọdún ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán sínú ìwé ọmọdé. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún nígbà tí ìwé tó fi ya ewì olókìkí Miyazawa Kenji jáde ní 2016. Ọdún 2024 ló kú, ẹni ọdún 101. Wá iṣẹ́ àwọn méjèèjì wò kí o tó gé bátànì mìíràn. Wo bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ìrísí kan dúró gedegbe láìgbé òjìji kankan lé e. O ò ní rí irun imú níbẹ̀.

Ohun tó wú mi lórí jù ni bí iṣẹ́ wọn àti ti ìyá àgbà rẹ ṣe jọra. Ìyá àgbà gé bátànì sára páànù. Àwọn lẹ bébà bíi mélòó kan pọ̀ pẹ̀lú omi èso kakí, wọ́n sì fi èéfín yan án títí tó fi le, tí omi kò fi lè tú u mọ́. Ìyá àgbà se láfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù. Àwọn se ìyẹ̀fun ìrẹsì alálẹ̀mọ́ pọ̀ mọ́ èérí ìrẹsì. Ibi tí ẹ̀kọ bá dé, aró kò ní lè wọ ibẹ̀, yálà l'Abẹ́òkúta tàbí ní Shizuoka. Aró tiwọn náà, ewéko ni wọ́n fi ń ṣe é, Tokushima sì ni ìlú tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewéko kékeré tí wọ́n ń gbìn lóko ni tiwọn, tí èlú tiwa sì jẹ́ igi tó ń fà bí ìtàkùn. Nítorí náà, má ṣe rò pé o ń lọ yá iṣẹ́ oníṣẹ́. Irinṣẹ́ tó tọ́ sí àwọn ìtàn yìí ti wà lọ́wọ́ rẹ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ afárá. Ìwọ náà mọ̀ pé bí o bá gé ìlà yípo odindi, àárín rẹ̀ á já bọ́. Ohun tó bá wà láàárín gbọ́dọ̀ ní ẹ̀ka tín-ín-rín tó so ó mọ́ etí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń rí afárá yìí bí ìyọnu, wọ́n á máa wá ibi tí wọn yóò fi í pa mọ́ sí. Èmi rò pé òun gan-an ni ìtàn. Kí ló so kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀? Kí ló so ó mọ́ ilé àwọn ènìyàn? Bí o bá dáhùn ìyẹn kí o tó mú ọ̀bẹ, ìdajì káàdì ti parí.

Jẹ́ ká fi ìtàn ìbọ̀wọ́ tìrẹ ṣe é. Niimi Nankichi ló kọ ọ́. Wọ́n bí i ní 1913 ní Handa, ikọ́ ẹ̀gbẹ sì pa á ní 1943, ẹni ọdún 29 péré. Ọdún tó kú yẹn náà ni ìwé tí ìtàn ìbọ̀wọ́ wà nínú rẹ̀ jáde, lẹ́yìn ikú rẹ̀. O mọ̀ ọ́n: yìnyín bo igbó, ọwọ́ ọmọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń tutù, ìyá sọ ọwọ́ rẹ̀ kan di ọwọ́ ọmọ ènìyàn. Ó ní kó kan ilẹ̀kùn olùtà fìlà, kó na ọwọ́ ènìyàn yẹn wọlé, kó má jẹ́ kí wọ́n rí èkejì láéláé. Nínú káàdì rẹ, o ya ilé ìtajà, olùtà, fìlà mẹ́jọ, owó àti ìbọ̀wọ́. Ó ti pọ̀ jù. Padà lọ ka ibi tí ilẹ̀kùn ti ṣí díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ yọ láti inú ilé, ó ta sórí yìnyín, ó fọ́ ọmọ náà lójú, ó dààmú, ló bá na ọwọ́ tí kò yẹ kó nà.

Ibẹ̀ ni káàdì rẹ wà. Fi ẹ̀kọ bo ìsàlẹ̀ aṣọ pátá, nítorí yìnyín ni funfun tí aró kò kàn, o ò ní í yà á rárá. Jẹ́ kí òkè mu aró lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí lẹ́ẹ̀márùn-ún títí tí yóò fi dúdú bí òru. Gé ìmọ́lẹ̀ ilẹ̀kùn náà ní ìlà kan ṣoṣo tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó gùn, kí ọwọ́ kékeré onírun wọnú rẹ̀. Kí ọmọ náà má ní afárá kankan yàtọ̀ sí ìlà ìmọ́lẹ̀ yẹn. Nínú káàdì kejì, níbi tó ti padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, jẹ́ kí ara ìyá àti ara ọmọ jẹ́ ẹyọ kan nínú bátànì, kí ó má sí afárá rárá láàárín wọn. Ẹni tó bá gba káàdì méjèèjì yóò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bí kò bá tilẹ̀ ka ìtàn náà rí. Mi ò ní ya olùtà fìlà. Ìtàn fúnra rẹ̀ parí sórí ìyá kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń bi ara rẹ̀ bóyá lóòótọ́ ni ènìyàn dára. Bí o bá ya olùtà tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, o ti bá a dáhùn.

Ìtàn Niimi mìíràn wà tí mo fẹ́ kí o kà, bóyá o sì ti kà á. Gon lorúkọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ inú rẹ̀. Ó jáde nínú ìwé ìròyìn ọmọdé kan tí wọ́n ń pè ní Akai Tori, ìyẹn Ẹyẹ Pupa, ní 1932, nígbà tí Niimi jẹ́ ọmọ ọdún 18. Títí di òní, àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní Japan ń kà á nílé ìwé. Gon jẹ́ aláwàdà burúkú. Ó tú ẹja tí ọ̀gbẹ́ni Hyoju pa dànù, ó sì gbé ẹyọ kan tó gùn bí ejò lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìyá Hyoju kú. Gon rò nínú ihò rẹ̀ pé ẹja yẹn ni ìyá náà fẹ́ jẹ kó tó kú, inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kó èso igbó àti olú wá sílé Hyoju lójoojúmọ́. Hyoju rò pé Ọlọ́run ló ń ṣe é. Lọ́jọ́ kan ó rí Gon nínú ilé, ó yìnbọn fún un, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó rí èso tí a kó jọ sílẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ fún ọ, ìwọ aláṣọ, ni gbólóhùn kan níbi ìsìnkú ìyá náà. Òdòdó kan wà ní Japan tí wọ́n ń pè ní higanbana. Pupa ni, ìgbà ìwọ́wé ló ń tanná, ó sì máa ń wà létí oko àti ní itẹ́ òkú. Niimi kọ ọ́ pé ó tanná lọ ní itẹ́ òkú bí aṣọ pupa. Bí aṣọ! Lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn olùsìnkú kọjá tán, ó ní wọ́n ti tẹ àwọn òdòdó náà, wọ́n ti ṣẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn ará Handa fẹ́ràn ibẹ̀ débi pé wọ́n gbìn ín sétí odò Yakachi, ó sì ti lé ní 3,000,000 báyìí. Mo ti ka ìtàn yìí tó ìgbà ogún, ọ̀rọ̀ ìbọn kò tíì pa mí lẹ́kún tó ti òdòdó tí ẹsẹ̀ tẹ̀ yẹn.

Nítorí náà, bí o bá fẹ́ ṣe káàdì Gon, má ṣe gé ìbọn. Gé higanbana kún gbogbo aṣọ, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì láìsí àyè, bí ọnà àdìrẹ ṣe ń kún aṣọ láti etí dé etí. Higanbana kì í ní ewé nígbà tó bá ń tanná, igi rẹ̀ dá dúró ṣánṣán ni, ọ̀bẹ á sì fẹ́ràn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní ọ̀nà kan ṣoṣo láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ṣẹ́ àwọn igi náà. Etí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ méjì lè yọ ní igun kan. Ó tó.

O máa nílò pupa, aró nìkan kò ní tó. Ọgbọ́n àwọn ará Japan tó máa ràn ọ́ lọ́wọ́ ni omi ẹ̀wà sóyà. Rẹ sóyà mọ́jú, lọ̀ ọ́, sẹ́ ẹ, fi búrọ́ọ̀ṣì ra omi rẹ̀ sára aṣọ lẹ́yìn tí ẹ̀kọ bá ti gbẹ, kí o tún fi omi kan náà po ìyẹ̀fun àwọ̀ pupa. Òun ló ń di àwọ̀ mú mọ́ òwú. Ọjọ́ tí o bá ṣe é ni kí o lò ó tán, torí ó ń tètè kan. Jẹ́ kí aṣọ gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan kí o tó rẹ ẹ́ sómi láti ṣí ẹ̀kọ kúrò, kí o má sì fi ọwọ́ líle bó o.

Ìtàn kẹta ni mo rò pé ó yẹ kó jẹ́ àkọ́kọ́ nínú ọjà rẹ, nítorí pósíkáàdì ló fi bẹ̀rẹ̀. Miyazawa Kenji ló kọ ọ́, ọmọ ìlú Hanamaki ní Iwate, ó sì wà nínú ìwé ìtàn ọmọdé rẹ̀ tó jáde ní 1924. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, pósíkáàdì àràmàǹdà kan dé sílé ọmọkùnrin tó ń jẹ́ Ichiro. Ológbò igbó ló kọ ọ́, ó ní kí Ichiro wá bá òun dá ẹjọ́ kan. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ burú jáì, yíǹkì rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ìka. Ichiro yọ̀, ó rọra fi káàdì náà sínú àpò ìwé rẹ̀. Ẹjọ́ náà jẹ́ ti àwọn èso igi óákù aláwọ̀ góòlù tó ń jà lórí ta ló lọ́lá jù lára wọn. Wọ́n fi èso náà san án lóore, ṣùgbọ́n bó ti ń sún mọ́ ilé ni góòlù ara wọn ń ṣá, nígbà tó fi délé, èso lásán ni. Pósíkáàdì ológbò kò tún wá mọ́ láé.

Ronú sí i: èso kan náà, bátànì kan náà, lórí káàdì mẹ́ta, tí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣá láti orí àkọ́kọ́ dé orí ìkẹta. Ọ̀bẹ kan ṣoṣo lo máa lò, àwọ̀ nìkan ni wàá yí padà. Ohun tí bátànì mọ̀ ọ́n ṣe ju ohunkóhun lọ nìyẹn, kí ohun kan padà wá lọ́nà mìíràn.

Nípa fífi nǹkan tiwa sínú rẹ̀: o kọ ọ́ pé o fẹ́ fi ìjàpá sí etí káàdì kí àwọn ènìyàn lè mọ̀ pé Yorùbá ni ọ́. Èmi ò ní fi í síbẹ̀. Gon ọmọ Handa ni, kò mọ ìjàpá. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí o yọ òkè Fuji àti abẹ̀bẹ̀ tó wà nínú káàdì kẹta kúrò, kò sí wọn nínú ìtàn tí o ń yà. Ìlà tí ọwọ́ rẹ kọ́ lára bátànì ìyá àgbà yóò hàn fúnra rẹ̀, ẹni tó bá mọ àdìrẹ á mọ̀ ọ́n láti òkèèrè.

Ní ti ẹ̀tọ́, fọkàn balẹ̀ lórí ìtàn, ṣùgbọ́n ṣọ́ra lórí ohun tó yí i ká. Miyazawa kú ní 1933, Niimi ní 1943. Ní Japan, 50 ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé ni ẹ̀tọ́ ń parí tẹ́lẹ̀. Wọ́n sún un di 70 ní òpin 2018, ṣùgbọ́n èyí tó ti parí kò jí dìde. Ní Ìlú Ọba, 70 ọdún ni, ìyẹn náà sì ti kọjá fún àwọn méjèèjì. Ìtàn ti di ti gbogbo ayé. Àmọ́ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí o kà fún kíláàsì lè ṣì jẹ́ ti ẹni tó túmọ̀ rẹ̀, àwòrán inú rẹ̀ náà sì jẹ́ ti ẹni tó yà á. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ inú káàdì kejì rẹ jókòó gẹ́lẹ́ bí èyí tó wà nínú ìwé kan tí mo mọ̀, ó sì dá mi lójú pé o ò mọ̀ọ́mọ̀. Kó ìwé aláwòrán kúrò nílẹ̀ nígbà tí o bá ń gé bátànì. Bí o bá fẹ́ kọ gbólóhùn kan sẹ́yìn káàdì, fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́. Aozora Bunko gbé ìtàn wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ ní èdè Japan, o sì lè bẹ ẹni tó gbọ́ èdè náà kó bá ọ kà á lọ́rọ̀ lọ́rọ̀.

Aṣọ gan-an tàbí fọ́tò? Mo ti jìyà èyí rí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo rán aṣọ mọ́ páálí fún ogójì káàdì, mo fi ìlẹ̀kẹ̀ funfun ṣe yìnyín, mo lẹ sítáǹbù, mo sì jù wọ́n sí ilé ìfìwéránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó gbà wọ́n rí páálí tó ti ya, òwú tó ti tú, yìnyín mi sì ti dà sọ́nà. Ẹ̀bi mi ni. Òfin ìfìwéránṣẹ́ káríayé ti sọ ọ́ pé pósíkáàdì kò gbọ́dọ̀ ní ohun tó yọ sókè lára. Bí o bá fẹ́ ta aṣọ gan-an, fi í sínú àpòòwé, kí o sì díye lé e bí iṣẹ́ ọnà. Fún ìyókù, ya fọ́tò aṣọ kan, kí o tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì.

Ìwọ̀n pósíkáàdì ní Japan jẹ́ 100 mílímítà sí 148, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún àwọn ìtàn yìí. Gé bátànì rẹ ní ìlọ́po méjì, 200 sí 296, kí ọ̀bẹ lè rí àyè, ṣùgbọ́n rántí pé afárá mílímítà méjì yóò di ẹyọ kan lórí káàdì. Má fi fíláàṣì ya fọ́tò rẹ̀. Tẹ́ aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láàárọ̀ kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kí ojú òwú lè hàn. Bí kò bá hàn, wọ́n á rò pé kọ̀ǹpútà lo fi yà á. Ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ yóò nílò ó kéré tán píksẹ́lì 1181 sí 1748 fún ìwọ̀n yẹn, àti mílímítà mẹ́ta lé ní etí kọ̀ọ̀kan fún ọ̀bẹ tirẹ̀. Aró wa máa ń yí sí àwọ̀ elése àlùkò nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, má sì gbà á títí yóò fi jọ. Kí ẹ̀yìn káàdì má dán, kí bíírò lè kọ ọ́.

Kí o tó tẹ ọgọ́rùn-ún, fi ẹyọ kan ránṣẹ́ sí ara rẹ, kí o fi èkejì ránṣẹ́ sí ìyá àgbà l'Abẹ́òkúta, láìsí àpòòwé. Ní kí wọ́n bá ọ ya fọ́tò káàdì tìyá àgbà bó bá dé, iwájú àti ẹ̀yìn, kí o rí ibi tí ọ̀nà ti họ ọ́, bóyá sítáǹbù kò já, bóyá yíǹkì rẹ kò lẹ̀ mọ́ ìka bíi ti ológbò yẹn.